Tírélà Tó Ń Jó Lọ́nà Ìmùṣin

Gbàdàmọ́sí kì í gbọ́rọ̀ tán. Àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan yìí lọ, òun náà ló sì ba ayé rẹ̀ jẹ́. Kì í jalè, kì í mutí, kì í na ìyàwó. Àmọ́ bí o bá ń ṣàlàyé nǹkan fún un, kó o tó dé ìdajì, á ti ní, "Ó ti yé mi." Àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ ọ́ di orúkọ fún un. Bó bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọn á ní Ó-ti-yé-mi ló ń bọ̀ yẹn, inú tirẹ̀ á sì máa dùn bí ẹni pé oyè ni wọ́n fi jẹ.

Ràmọ́tà ìyàwó rẹ̀ ń ṣe gaàrí ní Ìmùṣin. Ó pẹ́ tó ti ń ru ẹ̀gẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ, tí wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí ìdúró títí ọjọ́ á fi rọ̀. Nígbà tó wá ra ẹ̀rọ ìlọ̀ tirẹ̀, irin ńlá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì, ọkọ rẹ̀ ní òun lòun máa gbé e lọ. Ó ní jíìpù. Ó wá mú ìyàwó rẹ̀ dání lọ yá tírélà kékeré tí wọ́n máa ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlàájì Haneef.

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní kí wọ́n gbé irin tó wúwo síwájú táyà tírélà, kó súnmọ́ jíìpù, nítorí bí ìdí bá wúwo ju orí lọ, tírélà á máa jó lójú títì, á máa ju ara rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kó tó dé ibi ọ̀rọ̀ jíjó yẹn ni Gbàdàmọ́sí ti ní ó ti yé òun. Ó ti bọ́ síta, ó ń tẹ fóònù. Ràmọ́tà nìkan ló kù níbẹ̀.

"Ìyàwó mi," ni Àlàájì wí fún un, "bó bá ti ń jó, kó má tẹ bíréèkì o. Kó yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, kó di sítíárìn mú gírígírí, á rọra balẹ̀ fúnra rẹ̀. Bíréèkì ló ń pani níbẹ̀."

Ràmọ́tà fẹ́ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe délé. Ẹ mọ ohun tó fi dá a lóhùn. Ìgbà tó sì di pé kí wọ́n di ẹrù, bàbá náà ro wàhálà tí wọ́n máa ṣe kí irin náà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìmùṣin, ló bá ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ àti ẹ́ńjìnnì sí ìdí pátápátá, kó lè rọrùn láti fà sílẹ̀. Àpò òfìfo àti agbada ìyangaàrí ló kó síwájú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú níí le koko.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọ́n gbéra. Ọ̀nà dá, títì ń tẹ̀ sísàlẹ̀, Gbàdàmọ́sí ki eré mọ́lẹ̀. Ràmọ́tà wo dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rí i pé ìdí tírélà ti ń yí. Kò pariwo, kó má baà dẹ́rù ba ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Raheemah, ó ń jó."

Iná ni Gbàdàmọ́sí gbọ́ o! Jó kan wà tó jẹ́ tijó, jó kan wà tó jẹ́ tiná. Ká ní ó dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tán ni, ì bá mọ èyí tíyàwó rẹ̀ ń wí. Ó fi gbogbo agbára tẹ bíréèkì. Tírélà ti ìdí jíìpù, ó lọ́ ọ po, ó gbé e wọ inú igbó. Ẹ̀gbẹ́ tí Ràmọ́tà wà ló fi kọlu igi. Kò sí iná kankan níbẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti sin Ràmọ́tà. Àwọn èèyàn ń wọlé wá bá wọn kẹ́dùn. Ta ni yóò sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́? Agbè gan-an ló fọ́.

Látìgbà náà ni ohùn pẹ̀lẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ fi ní ó ń jó kò ti fi Gbàdàmọ́sí lọ́rùn sílẹ̀. Á wà lórí ìrun, á ṣàdédé bojú wẹ̀yìn. Á béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé pé kí ló ń jó, wọn á wá gbogbo ilé, wọn ò ní rí nǹkan kan. Bí wọ́n bá ti kí Jímọ̀ tán, á gba ilé Àlàájì Haneef lọ, á jókòó sílẹ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi." Àlàájì á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ibi tí wọ́n ń gbé irin sí, títí dórí ọ̀rọ̀ bíréèkì. Gbàdàmọ́sí kì í já lu ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹkún ló máa ń gba ẹnu Àlàájì kó tó parí rẹ̀.

Ọmọ wọn, Raheemah, wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ìjagun. Lọ́jọ́ tó ń lọ, bàbá rẹ̀ gbọn eruku ọkọ̀ tuntun tó rà, ó ṣílẹ̀kùn iwájú fún un. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú, bàbá mi. Mi ò lè jókòó síbẹ̀ yẹn."

Ó gbé báàgì rẹ̀ lérí, ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Bàbá rẹ̀ di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ń wò ó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń so ẹrù mọ́ ìdí ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí èyí tó wúwo wà níwájú, ẹ dín eré kù, bó bá sì ń jó, ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ kan bíréèkì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni mò ń bá wí. Ìwọ tí wọ́n ń kọ́ ní nǹkan tó o sì ń yánu pé ó ti yé ọ, pa ẹnu dé. Etí tó gbọ́ àlọ ló yẹ kó gbọ́ àbọ̀. Àbámọ̀ níí gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àbámọ̀ ò sì jí òkú rí.