Ọkọ̀ Tó Ń Da Yanrìn Láti Abẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Bí obìnrin bá rí ọkọ rẹ̀ tó ń rá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí yanrìn kún inú rẹ̀, kí ló lè dí i lẹ́nu? Ìyàwó ajórin kan, ìyẹn wẹ́dà, ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí títí dòní. 

1.
Kòséwu ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀, torí kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní fi "kò séwu" dá yín lóhùn. Iná jó o lọ́wọ́, kò séwu. Ọmọ jábọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò séwu. Ìyàwó ní tiẹ̀, ẹ̀rù ohun gbogbo ló ń bà á látìgbà tó ti bímọ. Àwọn ará ilé a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọ̀kan ń bá èkejì bẹ̀rù."

Ohun tó gba ọkùnrin yìí lọ́kàn ni ẹ̀yìn ọkọ̀ akóyanrìn. Ó ní òun máa ṣe èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ṣí bí ilẹ̀kùn alápá méjì. Awakọ̀ á fa ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹrù á dà sílẹ̀ láàárín táyà, ọkọ̀ á sì kọjá lọ. Kò sí ṣọ́bìrì, kò sí làálàá.

"Fífà kan, ó parí!" Ó yà á sẹ́yìn káléńdà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lókè ibi tí ọmọ ń sùn.

2.
Nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀, ọ̀gá àgbà tó kọ́ ọ níṣẹ́ wá wò ó. Ìyàwó wà níbẹ̀, ó gbé oúnjẹ wá. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ títí.

"Iṣẹ́ rẹ dára o. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró ṣánṣán jù. Jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ̀ bí òrùlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yanrìn tútù á há síbẹ̀."

"Tó bá dà gẹ̀rẹ̀, sà, ẹrù tó máa gbà á dín kù. Mo fẹ́ kó gbà ju gbogbo ọkọ̀ tó wà níta lọ."

"Irin ìdábùú ńkọ́? Tí ẹnìkan bá fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ló máa gbé ilẹ̀kùn yẹn dúró?"

"Ta ló fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀? Kí n tún máa bọ́ sílẹ̀ lọ fa irin yọ, kí wá ni ìwúlò fífà kan? Kò séwu, sà."

Bàbá gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

3.
Òjò mú lọ́sẹ̀ náà. Okùn ìsáṣọ wọn lẹ́yìnkùlé rọ̀ débi pé aṣọ ọmọ ń kan ẹrẹ̀.

"Bàbá ọmọ, ẹ bá mi wo okùn yìí. Mo fọ aṣọ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì lónìí."

Lọ́jọ́ kejì ó gbé irin kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó rì í mọ́lẹ̀, ó so okùn mọ́ ọn. Okùn le dan-in. Inú ìyàwó dùn, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi."

4.
Ọjọ́ ìdánwò pé, níwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ wá, awakọ̀ wá, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́lé níbẹ̀ dúró yíká. Kòséwu na fóònù sí ìyàwó rẹ̀ tó pọn ọmọ.

"Yà mí dáadáa. Má sọ̀rọ̀ o, ohùn rẹ á wọ inú fídíò."

Ó fa ọ̀pá. Ilẹ̀kùn ṣí níwọ̀n ìka mẹ́ta, ó dúró. Yanrìn tí òjò pa ti dì mọ́ ògiri méjèèjì bí bíríkì.

"Inú ń kún ọkọ̀ yìí o!" lẹ́nìkan wí.

"Ẹ wá oògùn ìyàgbẹ́ fún un!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ wo aago. Kòséwu mú òòlù, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń rá wọ abẹ́ ọkọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má wọbẹ̀," ni awakọ̀ wí.

"Kò séwu."

Nínú fóònù, ó kéré bí ọmọlángidi. Ìyàwó rẹ̀ la ẹnu. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni "má sọ̀rọ̀ o". Ó pa ẹnu dé. Òòlù dún lẹ́ẹ̀kan. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn já, gbogbo ẹrù ọkọ̀ sì wálẹ̀ gbìì.

Ṣọ́bìrì náà ni wọ́n fi wa á jáde. Ìyàwó fi ọwọ́ lásán wa yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe ń kó yanrìn kúrò ni òmíràn ń dà wálẹ̀.

5.
Ó yè. Àmọ́ egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti kán, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ìyàwó ló ń gbé e, òun náà ló ń gbé ọmọ. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Kòséwu mọ́. Láràárọ̀ ni ọkọ máa ń ní kí ìyàwó yí àga òun kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó rò pé oòrùn ló ń sá fún.

Ẹ̀yin tó ń fọwọ́ ṣe nǹkan, mo bẹ̀ yín. Bí ẹni tó mọṣẹ́ jù yín bá ní ohun kan kù, ẹ fi sí i kí ẹ tó pe èrò wá wòran. Ẹ má wọ abẹ́ ohun tí nǹkan kan ò gbé dúró, bí wọ́n tiẹ̀ ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tó ń wò náà, ẹ pariwo. Ẹ jẹ́ kí fídíò bàjẹ́.

Ọmọ ti ń sáré kiri kí ọ̀gá àgbà tó tún yà sílé wọn. Ìyàwó ń sá aṣọ lọ́wọ́. Bàbá na ọwọ́ sí irin tó gbé okùn dúró, ó fi àtàǹpàkò pa orí rẹ̀ tí wọ́n ti lọ̀ kúnná.

"Irin ìdábùú tí mo gé fún un rèé," ó ní. "Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí mo wá wo ọkọ̀ yẹn ni mo gbé e fún un."