Kànga Tí Múyìwá Kò Jẹ́ Kó Sinmi

Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má sọ pé ẹ̀yin kì í ṣe àgbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń bá ẹlòmíràn pọn omi nínú kànga kan náà, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

1.
Lẹ́yìn ojú irin ní Ìpọ̀nrí l'Ékòó, àwọn méje kan ń gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ tóóró kan. Múyìwá ló kéré jù nínú wọn. Ebè mẹ́rin ni bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, fi sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ méjì ti ń wá. Kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá dìde, á máa wo ebè ẹlòmíràn.

Kànga kan ṣoṣo ni wọ́n ní, agolo ni wọ́n sì fi ń pọn omi rẹ̀ rin ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, títí èjìká á fi máa ro wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi agbára oòrùn fa omi. Kò wọ́n, kì í sì í mu epo. Àǹtí Beulah, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, jó yí kànga ká.

Bàbá Àkàngbé, àgbà wọn, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga náà, kò jó. Ó so àkísà pupa mọ́ rọ́bà tí ẹ̀rọ fi ń fa omi.

"Ẹ gbọ́ o. Ibi àkísà yìí ni rọ́bà mọ. Omi dídùn ló wà lókè, omi iyọ̀ ọ̀sà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí oòrùn bá dé àtàrí, ẹ pa ẹ̀rọ, kí kànga sinmi títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá fa tòkè tán, tìsàlẹ̀ á gòkè."

Wọ́n ní àwọn gbọ́. Torí pé Múyìwá mọ wáyà so, òun ni wọ́n fi ẹ̀rọ sí níkàáwọ́.

2.
Nínú ọyẹ́, Àǹtí Motọ́lání tó ní ilé oúnjẹ ní Sábó wá ra ṣọkọ.

"Ṣọkọ rẹ yìí tutù o. Ṣé o lè máa kó o wá fún mi lójoojúmọ́? Àpò mẹ́ta?"

Ebè mẹ́rin kò lè mú àpò kan jáde lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu Múyìwá ti ṣáájú ọkàn rẹ̀: "Mẹ́ta kẹ̀? Àǹtí, ẹ sọ pé mẹ́rin!"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kọ ebè mẹ́wàá mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

3.
Omi tó kàn án láàárọ̀ kò tó ebè mẹ́rìnlá. Lọ́sàn-án, bí àwọn yòókù bá sùn sábẹ́ igi tàbí tí wọ́n lọ kírun, Múyìwá á dúró ti kànga, á máa wòkè. Oòrùn ń ràn yòò, ẹ̀rọ dákẹ́. Ara rẹ̀ kò gbà á.

"Ìgbà tí oòrùn lágbára jù ni wọ́n ní ká pa ẹ̀rọ oòrùn. Ọgbọ́n àtijọ́ rèé!"

Ó tàn án. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan. Ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Ní ọjọ́ kẹfà, omi lọ sílẹ̀ ju ẹnu rọ́bà lọ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́. Ó tú àkísà, ó sì sọ rọ́bà kalẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀ kànga.

Àǹtí Beulah ta jí, ó rí i.

"Múyìwá! Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ẹ padà sùn jàre, Àǹtí. Ṣèbí Ọlọ́run ló ni omi."

"Ọlọ́run ló ni ín, àmọ́ àwa méje la jọ ń pọn ọ́n. Màá sọ fún Bàbá o."

"Ọjọ́ mẹ́ta péré ni, Àǹtí mi. Ẹ gba ìdì ṣọkọ kan, ẹ fi se ọbẹ̀."

Àǹtí Beulah pòṣé. Ó gba ṣọkọ náà.

4.
Ọjọ́ mẹ́ta náà di ọ̀sẹ̀ méjì, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bí ìgbà tí iná jó o. Múyìwá rò pé òùngbẹ ni. Ó tún da omi sí i. Bó ṣe ń da omi, bẹ́ẹ̀ ni ewé ń jó. Ebè Taoheed, tí wọ́n jọ ń gbin ẹ̀fọ́, jó. Ti Àǹtí Beulah jó. Kí oṣù tó parí, kò sí ewé tútù kan lórí ilẹ̀ àwọn méjèèje.

Bàbá Àkàngbé bu omi kànga sínú ife. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Ó rí i pé àkísà pupa kò sí lára rọ́bà mọ́, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó na ife náà sí Múyìwá.

"Mu ún."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní kí o mu ún."

Múyìwá mu ún. Iyọ̀ ni.

Taoheed, tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bi í pé: "Múyìwá, kí ni kí n lọ sọ nílé?"

Múyìwá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Bàbá, kí ni mo lè ṣe kó padà dùn?"

"Kò sí ohun tí o lè ṣe. Òjò nìkan ló lè fọ̀ ọ́. Bóyá ọdún méjì, bóyá mẹ́rin. Ó lè má ṣojú mi."

5.
Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá. Ó wà lábẹ́ tapólì, kò rí ohun tí yóò fà. Taoheed ń ru ẹrù ní Ìjọ́ra. Múyìwá wà lẹ́yìnkùlé ilé oúnjẹ Àǹtí Motọ́lání, ó ń ṣa ṣọkọ tí ẹlòmíràn gbìn.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí àgbẹ̀ kékeré lè rà dára. Ẹ jọ rà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tàn án, ẹ bi ẹni tó gbẹ́ kànga léèrè iye tí kànga lè yọ̀ǹda. Ohun tí ẹ jọ ni, ẹ má dá a fà lẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹni tó bá sì rí i, tó gba ìdì ẹ̀fọ́, tó dákẹ́, ó ti bá wọn fà á. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ jọ ń pọnmi. Àwọn àgbà kò purọ́: ọ̀kánjúwà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́.