Ìyẹ́ Adìẹ Ìrànà Lójú Ọ̀nà Bodè

Àtàárọ̀ ni àwọn aṣọ́bodè ti ń béèrè ìwé ìrìnnà òkú ìyá wa lọ́wọ́ wa. Òrùlé ilé bàbá rẹ̀, níbi tí a fẹ́ sin ín sí, sì rèé tí gbogbo wa jọ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fi ṣéènì ìwọnlẹ̀ fa ìlà gba àárín ilé àti oko wa láyé ìjọun. Òun ló jẹ́ kí èmi máa jẹ́ Sámúẹ́lì, kí àbúrò mi lódìkejì máa jẹ́ Bonifásì.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó sú wa, a gbé pósí gba inú igbó. Bonifásì di iwájú mú, èmi di ẹ̀yìn. Sìdóní ìyàwó rẹ̀ ṣáájú, ó ń tu ìyẹ́ adìẹ ìrànà sílẹ̀ kí òkú lè mọ̀nà ilé.

Mo gbọ́ ṣéènì tó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi. Sìdóní bojú wẹ̀yìn.

"Bọ̀dá, ta ló ń ṣa ìyẹ́ yẹn?"

Ẹ̀rù bà wá, a sọ pósí kalẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò kàkí péńpé ló dé, ojú rẹ̀ ò hàn lábẹ́ àkẹtẹ̀. Ó na ṣéènì dábùú àárín pósí, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì wọ igbó lọ.

A tún gbé pósí. Ọ̀dọ̀ mi wúwo bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bonifásì fúyẹ́ bí àpótí òfìfo.