Àtàǹpàkò Dàda

Àìsàn tó ń ṣe Dàda ará Alákìá, inú etí ló wà: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ òun ní nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Bí o bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á ní òun ti gbọ́. Bí o bá tún un sọ, á bi ọ́ bóyá adití lo pe òun. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé "mo ti mọ̀ ọ́n" kí ẹni tó ń kọ́ yín tó panu dé, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ibi tó gbé e dé.

Nígbà tí àjẹ́lẹ̀ òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sí Ìbàdàn, obìnrin àgbà kan wà ní Olódò tó ń jẹ́ Ọ̀ṣuntọ́lá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gbọ́ ọkàn. Á di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú, á dákẹ́, á sì mọ̀ bí ọkàn náà ń rìn gẹ́gẹ́, tàbí ó ń sáré, tàbí ó ń tiro. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá Dàda mú un lọ kó lọ kọ́ṣẹ́.

Ìyá náà kò jẹ́ kó fọwọ́ kan aláìsàn. Ọwọ́ àwọn tí ara wọn dá ló ní kó máa dì mú: ọmọdé tó ń ṣeré, arúgbó tó ń tòògbé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ru iṣu ti oko dé.

Ó sú Dàda. Ó ní, "Ìyá, kí ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ẹni tí nǹkan kan ò ṣe ṣe?"

"Bí o ò bá mọ ìrìn ẹni tó ń rìn dáadáa, báwo lo ṣe máa mọ ẹni tó ń tiro? Gbé àtàǹpàkò ẹ kúrò níbẹ̀! Ìka mẹ́ta àárín la fi ń gbọ́ ọ. Àtàǹpàkò ní ìlù tirẹ̀ nínú."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

"O gbọ́ ni, o ò fetí sí i."

Òótọ́ ni. Bí ìyá bá ti kọjú sẹ́yìn, àtàǹpàkò ni Dàda ń lò, nítorí òun ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n Dàda kò mọ ẹ̀sọ̀. Òjò ọdún náà kò tíì dá tó fi di ẹrù rẹ̀ padà sí Alákìá, ó ní òun ti mọṣẹ́. Kíá ni òkìkí rẹ̀ kàn. Kò sí ẹni tó di ọwọ́ rẹ̀ mú tí kò sọ fún pé ọkàn rẹ̀ le. Ọkàn ara rẹ̀ ló ń gbọ́ nínú àtàǹpàkò, ọkàn ọ̀dọ́mọkùnrin tó yó. Ta ni wọn yóò sọ irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní gbé àkùkọ wá?

Ògúnkọ̀yà, tó ń gun ọ̀pẹ, bẹ̀rẹ̀ sí í ráùn nígbà tí ẹyìn pọ́n. Ó ní, "Dàda, ó dà bí ẹni pé ọ̀kẹ́rẹ́ wà láyà mi. Á fò, á dúró, ojú mi á ṣú."

Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ ní, "Mo ní kó má gùn ún mọ́. Olódò ni mo fẹ́ mú un lọ."

Dàda tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ ń wá lọ sí Olódò? Ọkàn ẹ̀ ń lù bí ẹni ń gúnyán. Ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́, ọ̀lẹ ni. Bàbá, ẹ lọ gun ọ̀pẹ yín."

Ògúnkọ̀yà náà rẹ́rìn-ín, ó wo ìyàwó rẹ̀. "O gbọ́? Ọ̀lẹ ni wọ́n pè mí."

Ẹyin lohùn; èyí ti já bọ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n bá Ògúnkọ̀yà lókè ọ̀pẹ. Igbà kò já. Inú igbà ló fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ kọ́, apá rẹ̀ méjèèjì rọ̀ sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀, Dàda sáré wá, ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kígbe, "Kò kú! Ó ń lù! Ẹ̀yin wo ló fẹ́ sin alààyè?"

Àwọn tó ti gbé ọkọ́ gbé e sílẹ̀. Ìbídùnní dá iná, ó po ẹ̀kọ, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ń pè é. Ẹ̀kọ tutù, ó tún gbé e kaná. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, eṣinṣin dé. Síbẹ̀ Dàda ń tẹ ọwọ́ òkú, ó ń sọ pé ó ń lù.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ọ̀ṣuntọ́lá. Ìyá náà fi ìka mẹ́ta kan Ògúnkọ̀yà, ó gbé etí lé e láyà. Ó fa aṣọ bò ó lójú. Ìbídùnní kò sunkún. Ó kàn da ẹ̀kọ náà nù sẹ́yìn ilé.

Ọ̀ṣuntọ́lá ní, "Dàda, mú ọmọ odó yẹn. Tẹ̀ ẹ́ bí o ṣe tẹ ọkùnrin yìí. Kí lo gbọ́?"

Dàda tẹ̀ ẹ́. "Ó... ó ń lù, Ìyá."

"Ó dáa. Po ẹ̀kọ fún un."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó nà án, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó tún na ọwọ́ sí i ní Alákìá. Bó bá ń kọjá, àwọn ìyá á fa ọwọ́ ọmọ wọn bọ abẹ́ aṣọ. Ó kó lọ sí oko kan ní ìhà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà-Àrà lónìí, ibẹ̀ ló dá gbó sí. Nígbà tó yá, ọkàn tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Á tẹ òpó ilé, òpó á máa tiro. Á tẹ ara igi, igi á máa tiro. Kò mọ èwo ni tòun mọ́. Ọ̀ṣuntọ́lá ti kú nígbà náà, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò fi ìka mẹ́ta di òun náà mú títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì, àní lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò pa ènìyàn. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó dára dáadáa kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ ohun tó bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ọmọnìkejì yín, ẹ pa ariwo ti ara yín mọ́ ná. Bí ẹ kò bá sì gbọ́ nǹkan kan, ẹ sọ pé ẹ kò gbọ́. Ẹnu tó bá lè sọ pé "n kò mọ̀" kò ní sọ ìyàwó ẹlòmíràn di opó.