Àlàyé Tí Ọ̀gá Béèrè

"Ẹ̀yin àgbẹ̀ ń ráhùn, ẹ wá fojú yín rí i. Òṣùwọ̀n wa kì í purọ́." Ọ̀gá kọ ẹ̀yìn sí ògiri, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí kóòdù tó ń darí òṣùwọ̀n náà, tí kọ̀ǹpútà gbé yọ síbẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọmọbìnrin tó kọ kóòdù náà di báàgì rẹ̀ mọ́ra. Òní ló lò kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá ti gbé iṣẹ́ ọmọbìnrin náà fún ọmọ àna tirẹ̀, ó sì tún pàṣẹ pé kó tó lọ, kó kọ àlàyé sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan: ohun tí ìlà náà ń ṣe, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ẹni tó ní kí wọ́n kọ ọ́.

"Kọ ọ́ kó yé ọmọdé," ló wí.

Ó sì kọ ọ́, ní Yorùbá tó já gaara. Kò fo ìlà kan. Ọ̀gá kò yẹ̀ ẹ́ wò. Kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí rí.

Bàbá Waheedat, ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ náà, tó kó àgbàdo wá tà láti Ago-Àmọ̀dù, fi awò sójú.

"Ọ̀gá, Yorùbá mà wà níbẹ̀."

"Àlàyé ni, Bàbá. Ẹ kà á sókè."

"'Ìlà yìí ń yọ kílò márùn-ún kúrò nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ. Ọ̀gá ló pa á láṣẹ. Ó ní tí n kò bá ṣe é, kí n máa lọ sílé.'"

 Bàbá rọra bọ́ awò rẹ̀, ó tì í sápò.

"Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn," ni Bàbá wí.

Ọmọbìnrin náà ló sún mọ́ ọn jù. Ó tì í, ó sì yí kọ́kọ́rọ́.