Ìlà Èédú Lára Ògiri

Ẹ wò mí, èmi Fọláhàn, ọkùnrin ogójì ọdún, mo dúró níwájú ògiri bí ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, ní Ìkọ̀lé, lọ́dún 2001.

Mò ń fi kásẹ́ẹ̀tì kọ́ orin búlúùsì, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Bí mo bá ta gìtá tán, mo tún ń ta béèsì, gìtá olóhùn ìsàlẹ̀.

Mo ní kí Màmá mi máa bá mi ṣọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀síwájú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń fi èédú fa ìlà sára ògiri.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà mẹ́sàn-án! Mo ń yan fanda níwájú àwọn aládùúgbò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́fà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, méjì péré. Mo fi iyán mi sílẹ̀ láìjẹ.

Lónìí, Màmá ju èédú nù. Wọn ò fa ẹyọ kan.

"Màmá, òdo kẹ̀? Ó dáa. Lọ́la ni mò ń gbé gìtá yìí fún ẹni tó fẹ́ rà á ní Ìfàkì."

Màmá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ fún ọ pé máàkì ni? Fèrèsé tí wọ́n ń pa dé ládùúgbò bó o bá ti bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kà. Lónìí, kò sí ulé tó pa tiẹ̀ dé.

"Kódà, èmi náà ò pa tèmi dé."