Ìkíni Tí Ìbọ̀wọ́ Gbàgbé

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Surin, nílẹ̀ Thailand, àlejò tó bá fẹ́ hun sílíìkì á kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ká ìrìn ọwọ́ Ìyá Bunsri, àgbà ahunṣọ, sínú rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ni yóò máa darí ọwọ́ rẹ̀.

Lówùúrọ̀ yìí, ìyá náà fúnra rẹ̀ ló wá, ogbó ti mú kí ọwọ́ rẹ̀ máa gbọ̀n, kò lè dá hun mọ́. Pimchan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń tọ́jú àwọn ìbọ̀wọ́, wọ ìbọ̀wọ́ fún un. Kíá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hun.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

“Ọwọ́ yín ni, Màmá.”

“Rárá o. N kì í fọwọ́ kan òwú láìkọ́kọ́ kí olùkọ́ tó kọ́ mi ní híhun.”

Pimchan ò lè gbójú sókè. Òun ló gé ìkíni náà kúrò nínú ìrìn ọwọ́ tí wọ́n ká, nítorí àwọn àlejò ń kánjú.

Ìyá bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ síwájú àyà, ó fi kí olùkọ́ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji ẹni tó ṣe é láìmọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Pimchan mọ̀.